Ẹlẹ́rìí Tí A Kò Gbọdọ̀ Bi Léèrè

Ọkùnrin náà wọ ilé-ẹjọ́ àwọn Júù ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ṣí fìlà, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Mo fi Ọlọ́run jẹ́rìí pé aránbàtà ti kú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sin ín." Ó dárúkọ òkú náà, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó wá dákẹ́ bí ẹni tó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an tán.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò sọ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó yọ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn lójú. Rábì àgbà, tó jókòó láàárín, fi bíìrò rẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá," ó ní, "ta ló ní kí ẹ wá?"

Atukọ̀ ni ọkùnrin náà, kì í ṣe Júù. Ogójì ọdún ló ti fi ń gbé èrò kọjá omi ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó wolẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ.

Ohun tó gbé mi wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ kọ̀wé sí àgọ́ ọlọ́pàá pé ó jọ pé ẹnì kan ti lọ kọ́ ẹlẹ́rìí lọ́rọ̀, ọ̀gá mi sì gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọmọ tó ń sunkún fún aládùúgbò. Èmi kì í ṣe Júù, n kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Olè kẹ̀kẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n mú. Àgbà tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́, ni mo bá gba ilé Ìyá Ògbufọ̀ lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni màmá yìí fi ṣe ògbufọ̀. Láàárọ̀, á wà nílé-ẹjọ́ rábì. Lọ́sàn-án, á wà nílé-ẹjọ́ kádì, adájọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ti kádì kì í jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, ti rábì kì í jókòó ní Sátidé, màmá sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ni òfin méjèèjì jọ fún nísinmi. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orí náà ń ṣiṣẹ́ ju tèmi lọ, mo sì ti gba bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ó ń lọ aṣọ nígbà tí mo wọlé. Kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún mi bó ṣe sọ ọ́. Má fi tìrẹ kún un."

Mo kà á. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Ó ti bà á jẹ́."

"Kí ló bàjẹ́, Màmá? Ẹlẹ́rìí ló wá jẹ́, ó sì jẹ́ ẹ dáadáa."

"Ó jẹ́ ẹ dáadáa jù ni. Jókòó, Sájẹ́ǹtì. Ká ní ọ̀dọ̀ kádì ni atukọ̀ yẹn lọ, bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kádì ń fẹ́ kí ẹlẹ́rìí mọ̀ pé ẹ̀rí lòun wá jẹ́. Kó dìde, kó ní 'mo jẹ́rìí', kó dárúkọ èèyàn dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣi ẹlòmíì mú. Ọkùnrin méjì tí ìwà wọn mọ́ ni wọ́n sì máa ń wá."

"Ti rábì ńkọ́?"

"Àwọn náà ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì nínú ọ̀rọ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n nítorí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù, àwọn àgbà wọn ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó. Obìnrin tó. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì náà tó. Kódà ẹni tí kì í ṣe Júù, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ó ń tàkúrọ̀sọ tirẹ̀ lọ ló fẹnu bà á, tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti wá tìtorí kó lè jẹ́rìí, ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn."

"Ìdí?"

"Ẹni tó ń sọ tẹnu rẹ̀ lásán kò rí nǹkan kan fi irọ́ ṣe. Ẹni tí wọ́n rán wá lè rí i."

Mo rò ó díẹ̀. "A jẹ́ pé ẹlẹ́rìí tó dáa jù lọ́dọ̀ kádì ló burú jù lọ́dọ̀ rábì."

"O ti ń gbọ́n bọ̀," màmá wí, ó sì yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Inú mi dùn bí ọmọ ilé ìwé, n kò sì jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nílùú. Ọ̀rẹ́ méjì, aránbàtà tó jẹ́ Júù àti oníṣòwò awọ tó jẹ́ Mùsùlùmí, jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra awọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìjì dojú ọkọ̀ náà dé. Wọn ò rí òkú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sílẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì jẹ́ ọ̀rẹ́ bí ọkọ wọn ṣe jẹ́.

Ìyàwó oníṣòwò awọ, aránṣọ ni. Kádì ní kó dúró fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó pé, ó ní kó gbà pé ọkọ rẹ̀ ti kú, kó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ṣe é. Ó ti wà nílé ọkọ mìíràn báyìí, ó sì ti bímọ kan síbẹ̀.

Ìyàwó aránbàtà ló ń tún gíláàsì ojú ṣe lójú ọ̀nà ọjà ìwé, Onígíláàsì ni gbogbo ayé ń pè é. Ní tirẹ̀, òfin kò ka ọdún. Ọdún mẹ́rin tàbí ogójì, bákan náà ni. Omi yẹn gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí èbúté òdìkejì, àwọn adájọ́ rẹ̀ sì ní ẹni tó bá rì sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè gúnlẹ̀ síbòmíì láàyè. Nítorí náà kò ní ọkọ, kò sì ṣe opó. Olùkọ́ kan nílé ìwé àwọn Júù ti ń dúró láti fẹ́ ẹ láti ọdún mẹ́ta.

Èmi àti màmá bá Onígíláàsì nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi ìṣó tó kéré ju ẹyin iná orí lọ de ẹsẹ̀ gíláàsì. Kò gbójú sókè títí ìṣó fi wọlé.

"Ṣé ẹ ti mọ ẹni tó rán an?" ó béèrè.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni," mo wí.

"Èmi kọ́ o. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́."

"Rábì ti sọ fún mi. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán atukọ̀ wá, ẹ̀rí rẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan, kò sì sí ẹlòmíì tó rí òkú." Ó bọ́ gíláàsì ojú ara rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, Sájẹ́ǹtì. Gbogbo ọjọ́ tó kù láyé mi, kí ni kí n fi ṣe?"

Ìyá Ògbufọ̀ ló bi í bóyá ó mọ atukọ̀ náà rí.

"Mo máa ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Kò kí mi rí. Ó máa ń sá fún mi ni."

Nígbà tí a jáde, màmá ní, "Kì í ṣe òun."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọdún mẹ́fà ló ti fi gbọ́ òfin yẹn lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ òun ló kọ́ atukọ̀, kò ní kọ́ ọ báyẹn."

Etí omi la gbà lọ. Kí a tó dé ibẹ̀, màmá kìlọ̀ fún mi: "Má fẹnu kan òkú. Má béèrè ohun tó rí. Bí o bá bi í, o tún ti bà á jẹ́ sí i." Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe ọlọ́pàá, n kò rí ìwádìí tí wọ́n ní kí n má béèrè ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rí. Mo wá fi ojú ṣiṣẹ́. Mo wo atukọ̀ látòkè délẹ̀, mo sì rí i: bàtà tuntun, tí awọ rẹ̀ ṣì ń dán, lẹ́sẹ̀ ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ ti ya lórúnkún.

"Bàbá, bàtà yìí dáa o. Níbo lẹ ti rí i?"

"Àbúrò aránbàtà ló rán an fún mi."

Mo yí ojú sí màmá. Ó ń wo àwọn ẹyẹ lórí omi.

Lójú ọ̀nà, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un. Àbúrò aránbàtà ló ń ṣe àkóso ṣọ́ọ̀bù bàtà láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọnù. Bí Onígíláàsì bá di opó, yóò wá gba ohun tí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ kọ fún un, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni yóò sì ti jáde. Júù ni àbúrò yìí, ó mọ òfin. Ó mọ̀ pé ẹ̀rí tó bá jọ ẹ̀rí jù yóò bàjẹ́. Ó wá fi bàtà ra atukọ̀ kó lè lọ ba nǹkan jẹ́ níwájú adájọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lè lo ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà mọ́ láéláé.

"Ó dùn-ún gbọ́," màmá wí.

"Ó dùn-ún gbọ́ nìkan?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná."

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n ni àbúrò náà, ó de éépírọ́ọ̀nù awọ mọ́dìí, ìṣó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń fọwọ́ pa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú àpò.

"Ìwọ lo rán bàtà fún atukọ̀?"

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Èmi ni. Ọdọọdún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbé wa kọjá omi, àwa ń rán bàtà fún un. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ti wá wọ̀ ọ́ ni?"

Kí n tó tún ẹnu ṣí, màmá ti bi í pé, "Ọmọ mi, ka orúkọ bàbá bàbá rẹ fún mi."

Ó kà á. Kì í ṣe orúkọ tí atukọ̀ kà nílé-ẹjọ́. Màmá sọ èyí tí atukọ̀ kà fún un, ọkùnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá ìyá wa nìyẹn! Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú pátákó níta."

A jáde, a sì wo pátákó. Òótọ́ ni. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n orúkọ náà hàn gbangba.

"Ta ló máa ṣi orúkọ bàbá bàbá ara rẹ̀ kà fún ẹni tó ń kọ́ lọ́rọ̀?" màmá béèrè. "Ẹni tó kọ́ atukọ̀ kì í ṣe ẹbí. Ojú pátákó ló ti rí orúkọ, ó sì rò pé ibi tí bàbá bàbá yẹ kó wà nìyẹn. Ìkejì: kí ló ń wá orúkọ bàbá bàbá fún? Rábì kò béèrè rẹ̀. Ta ló máa ń béèrè rẹ̀?"

"Kádì."

"Ta lo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ti dúró níwájú kádì rí?"

Mo ti ń tijú nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àpò mi. "Aránṣọ," mo wí.

Aránṣọ ò jẹ́ ká wádìí jìnnà. Ó ní téèpù lọ́rùn, pínnì mẹ́ta lẹ́nu, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí òkìtì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Màmá kò lọ́ ọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo kọ́ atukọ̀ ní ohun tó sọ?"

"Èmi ni o!" Ó yọ pínnì lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó sọ ọ́ dáadáa? Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń kà á, Màmá. Ó kàn ń rojọ́ kiri ni tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ báyìí, pé igi báyìí. Mo ní rárá, iwájú adájọ́ lẹ ń lọ. Ẹ fi Ọlọ́run ṣáájú. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ dárúkọ bàbá, ẹ dárúkọ bàbá bàbá. Bí ẹlẹ́rìí tèmi ṣe sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí pé wọ́n wá ọkọ mi tí wọn ò rí i. Kádì yìn wọ́n. Mo sì ní kó má sọ pé èmi ni, kí wọ́n má baà ní obìnrin Mùsùlùmí ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn."

Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ẹ̀rín náà pẹ́ lójú obìnrin náà kó tó kúrò, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Yéè! Mo gbé! Èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀?"

"Ìfẹ́ lo fi ṣe é. Òfin tìẹ lo fi wọn òfin tirẹ̀ ni."

"Àwa méjèèjì jọ sunkún lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn dojú dé, Màmá. Mo ti lọ sílé ọkọ, mo ti bímọ. Ó wá síbi ìkómọ mi, ó gbọ́mọ pọ̀n. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dùn mí tó?"

Mo fẹ́ kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n màmá kò tíì ṣe tán.

"Ta ló sọ fún ọ pé atukọ̀ rí òkú?"

Obìnrin náà bọ́ téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Kì í ṣe ẹnu atukọ̀ fúnra rẹ̀ lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ?"

"Rárá. Ẹnì kan ló wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n sáà wá ọgbọ́n dá sí i kí atukọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́, kó lọ máa rojọ́ níbẹ̀ bó ṣe máa ń rojọ́ nínú ọkọ̀. Èmi ni mo fi kíkọ́ kún un. Mo ti búra pé n kò ní dárúkọ rẹ̀."

"Kò burú. Má dárúkọ rẹ̀."

Níta, mo ní ká pa dà wọlé, kí n fi àtìmọ́lé dẹ́rù bà á díẹ̀. Màmá wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ aṣọ tó sá.

"A kò nílò orúkọ. Rò ó. Ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu atukọ̀, ní àkókò tí atukọ̀ ń sọ tẹnu rẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ń wá láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bí ẹni tó gbọ́ bá jẹ́ Júù, ohun tó kù fún un ni kó rìn wọ ilé-ẹjọ́, kó ní 'mo gbọ́ báyìí báyìí.' Ó parí. Kò nílò ẹlòmíì. Kí ló wá ń lọ bẹ aránṣọ fún?"

"Bóyá ẹ̀rù ń bà á."

"Ẹ̀rù kí ni? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni yìí mọ òfin dáadáa, torí ó mọ̀ pé kí atukọ̀ kàn máa rojọ́ ló dára. Ó ń fẹ́ kí obìnrin náà bọ́, ó fẹ́ ẹ débi pé ó ń bẹ èèyàn kiri. Síbẹ̀ kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun. Nínú gbogbo ìlú yìí, Sájẹ́ǹtì, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rí yẹn máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀."

N kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ. Ó kọjú sí ọ̀nà ilé ìwé.

Tíṣà náà, olùkọ́ tó ń dúró de Onígíláàsì, ń nu pátákó nígbà tí a wọlé. Ìjókòó ti ṣófo. Ó rí Ìyá Ògbufọ̀, ó rí aṣọ ọlọ́pàá mi, ó sì dá ọwọ́ dúró lókè.

"Ìgbà wo lo gbọ́ ọ?" màmá béèrè.

Kò díbọ́n. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. "Oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Mo ń lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé lódìkejì omi, Ọjọ́rú ni. Oníṣòwò kan dìde dúró nínú ọkọ̀. Atukọ̀ jágbe mọ́ ọn, ó ní, 'Ẹ jókòó! Omi yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín! Èmi tí mo rí aránbàtà létí omi ní ọjọ́ kẹta ìjì, tí ojú rẹ̀ ṣì pé, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín lábẹ́ igi!' Kò sẹ́ni tó bi í. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó ń bú oníṣòwò náà."

"Kí ló dé tí kò fi sọ fún ọlọ́pàá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn?" mo wí.

"Kò ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yin ló ń sá fún."

Mo gbé ojú sí fèrèsé. Màmá kò yọ mí lẹ́nu.

"Ìwọ náà kò sì sọ ọ́," ó wí fún Tíṣà.

"Màmá, ẹ mọ ìdí rẹ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Sọ fún Sájẹ́ǹtì."

Ó gbé ìnupátákó sílẹ̀, ẹfun funfun ti bo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ nìkan sọ obìnrin di opó, kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin náà. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu pa ọkọ ọlọ́kọ kó lè gba ìyàwó rẹ̀. Tí a bá jẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, mo lè fẹ́ ẹ. Mo ti wá àwọn tí a jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àjèjì ni wọ́n, n kò rí ẹyọ kan. Ni mo bá ní kí atukọ̀ fúnra rẹ̀ lọ rojọ́ níbẹ̀, kó má jẹ́ ẹnu tèmi."

"Lọ́dọ̀ kádì, wọn ì bá ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà," màmá sọ fún mi. "Ẹni tó máa jèrè nínú ẹ̀rí rẹ̀, kádì kì í gbọ́ ọ rárá. Rábì á gbọ́ ọ, á tú obìnrin náà sílẹ̀, á wá gba èrè yẹn lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí."

"Kí ni kí n ṣe?" Tíṣà béèrè.

"Èmi kọ́ ni màá sọ ìyẹn fún ọ. Wọ́n á jókòó lọ́la ní aago mẹ́wàá."

Lójú ọ̀nà mo ní, "Tí kò bá wá ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé obìnrin náà á wà bó ṣe wà, òun náà á máa dúró dè é títí ọjọ́ alẹ́. Ní àràárọ̀, àwọn méjèèjì á máa kí ara wọn, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó rìn díẹ̀. "Kọ ìròyìn rẹ bó ṣe rí."

Mo kọ ọ́. Mo fi sápò.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, àwọn adájọ́ jókòó. Onígíláàsì wà lórí àga iwájú, màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aránṣọ wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborí bojú bí ẹni tó jalè. Mo ti nawọ́ sínú àpò láti mú ìròyìn jáde nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà wọlé. Ó ti fọ ọwọ́, ó wọ aṣọ tó dára.

"Bàbá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ọkọ̀ lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ atukọ̀ lọ́rọ̀," ó ní.

Rábì àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná. O mọ ohun tí ẹnu rẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin náà."

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí atukọ̀ ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Kò wo ibi tí Onígíláàsì jókòó sí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn adájọ́ wọ yàrá, wọ́n jáde. Kò ju bí èèyàn ṣe máa mu omi tán lọ. Rábì àgbà ní aránbàtà ti kú, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di opó láti òní lọ, ó lè fẹ́ ẹni tó bá wù ú, àyàfi ẹlẹ́rìí tó wà níwájú wọn yìí.

Onígíláàsì dìde. Mo rò pé ó máa sunkún. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ló lọ.

"Oṣù márùn-ún," ó ní.

"Mo fẹ́ kí—"

"Mo mọ ohun tí o fẹ́. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún lo fi ń kí mi káàárọ̀, o mọ̀ pé ọkọ mi wà lábẹ́ igi, èmi ò mọ̀."

Tíṣà tẹríba, ó sì jáde. Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn tó gbà jáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Tíṣà kò lè gbọ́ ọ mọ́, ó ní, "O ṣé." Èmi tí mo dúró nítòsí ni mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí, mo sì ti ń sọ fún gbogbo èèyàn láti ọdún mẹ́tàlélógún pé iṣẹ́ kì í dùn mí.

Rábì àgbà sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ó ṣàlàyé fún un pé ikú tí a gbọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, a kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Wákàtí kan ni. Kó bọ́ bàtà, kó jókòó sílẹ̀. Tí wákàtí náà bá ti pé, kó dìde, kó máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé-ẹjọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Aránṣọ wá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè sún mọ́ ọn.

"Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ lo kọ́ atukọ̀," Onígíláàsì wí.

"Èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi, forí jì mí."

"Bàbá bàbá tí o fún ọkọ mi, bàbá ìyá rẹ̀ ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Wá jókòó."

Aránṣọ bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó jókòó sílẹ̀ tì í. "Èmi fi oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá sunkún tèmi," ó ní. "Wákàtí mélòó ni wọ́n fún ìwọ?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan." Ó gbójú sókè sí mi. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo aago."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo gbé aago ọwọ́ mi sójú. Ìlàjì wákàtí àkọ́kọ́, ó kàn ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń fi ètè di òwú mú nígbà tó bá ń rán bàtà, bó ṣe máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí á fi jẹun. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ tòun máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà náà ni ẹkún wá dé, ẹkún ọdún mẹ́fà, aránṣọ sì dì í mú mọ́ra. Àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń yí ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú rẹ̀ sókè. "Ṣé ó ti pé, Sájẹ́ǹtì?"

Ọwọ́ aago ti fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kọjá wákàtí náà.

"Ó ku díẹ̀," mo wí.

Ìyá Ògbufọ̀ wo aago ara ògiri tó wà lókè orí wa, ó wò mí, ó sì kẹ̀yìn sí aago náà.